Bí a ṣe ń ka ọjà tó kù nílẹ̀ ká tó ṣírò owó orí: àdìrẹ tí à ń tà látinú yàrá

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà látinú yàrá. Àdìrẹ là ń tà nínú àpẹẹrẹ òní: a rà á ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, à ń tà á lórí WhatsApp àti Instagram. Google Sheets ni mo ṣí sójú fóònù yìí. Bó bá jẹ́ ìwé àti bíírò lẹ ní, ó tó.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé, ṣé gbogbo owó tó wọ àkáǹtì ni ìjọba máa gba owó orí lé lórí? Rárá, èrè ni. Àmọ́ ẹ ò lè mọ èrè yín bí ẹ ò bá mọ iye ọjà tó ṣẹ́ kù nílẹ̀.

Tó bá di December 31, ẹ kó gbogbo àdìrẹ jáde, kí ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú bù ú o. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín tà á, tí kò tíì tà, ti yín ni, ẹ kà á mọ́ ọn. Èyí tí oníbàárà ti ra tó sì ti sanwó rẹ̀ pátá, tó kàn ní kí ẹ bá òun gbé e pa mọ́, kì í ṣe ti yín mọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tí omi bà jẹ́ ńkọ́? Iye tí ẹ ṣì lè rí tà á ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí ẹ rà á.

Ó yá, ẹ wo ojú fóònù mi. Ní January 1, 2026, ẹyọ 40 ló wà nílẹ̀, ₦9,000 la ra ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦360,000. Ní March a ra 200 ní ₦10,000: ₦2,000,000. Ní August ọjà ti gbówó lórí, a ra 100 ní ₦12,000: ₦1,200,000. Owó mọ́tò tí a fi kó o wálé ti wà nínú iye wọ̀nyẹn, torí ara owó ọjà ni.

Àròpọ̀ jẹ́ ₦3,560,000. Nígbà tí a kà á ní December, ó ku 60. Èwo nínú iye mẹ́ta yẹn la máa fún un? Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde. Nítorí náà, èyí tó kù jẹ́ ti August: 60 lọ́nà ₦12,000, ₦720,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku ₦2,840,000.

Ó ku ẹyọ 4 tí ẹ mú níbẹ̀ rán aṣọ ìkómọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ ò tà á, ẹ ò sì lè kà á sí owó òwò. Ti March ni, ₦40,000, ẹ yọ ọ́. Owó ọjà tí a tà wá di ₦2,800,000.

A ta 276 ní ₦17,000: ₦4,692,000. Èrè orí ọjà jẹ́ ₦1,892,000.

Ìnáwó ló kàn. Dispatch tó ń gbé ọjà lọ bá oníbàárà, ₦190,000. Náílọ́ọ̀nù àti síkà, ₦62,000. Ìpolówó lórí Instagram, ₦80,000. Dátà jẹ́ ₦120,000, àmọ́ ẹ̀yin náà ń fi wo fíìmù, ìdajì ni kí ẹ mú: ₦60,000. Owó oúnjẹ àti owó iléèwé ọmọ ò sí níbẹ̀ rárá. Fóònù tuntun tí ẹ rà fi ya fọ́tò ọjà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún púpọ̀ là ń pín in sí. Fídíò tiẹ̀ ń bọ̀. Èrè ku ₦1,500,000 géérégé.

Owó ilé ńkọ́? Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 gbà kí ẹ yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí ẹ san lọ́dún, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Bí ilé bá jẹ́ ₦600,000, ẹ yọ ₦120,000. Àwọn kan tún máa ń kọ yàrá ọjà sábẹ́ ìnáwó òwò. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n yọ owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku ₦1,380,000. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦580,000 tó kù, ìdá 15 nínú 100: ₦87,000.

Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀, tí wọ́n bá fi gbogbo ₦4,692,000 tó wọ àkáǹtì ṣírò fún, ₦634,560 ni, torí ìdá náà ń ga sí i bí owó bá ṣe ń pọ̀.

Bí business name lẹ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ìyẹn ò sọ yín di kọ́ńpìnì. Orúkọ ẹ̀yin fúnra yín ni owó orí náà wà, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé lẹ sì máa san án sí. Fún àwa tí a wà l'Abẹ́òkúta, OGIRS ni, àjọ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí March 31 tó kọjá, kí rìsíìtì Ìtòkú àti ìwé tí ẹ fi ka ọjà wà nítòsí bí wọ́n bá béèrè.

Kí ẹ tó pa fóònù, ẹ ṣí ojú ewé tuntun fún ọdún tó ń bọ̀. Ìlà àkọ́kọ́: January 1, ẹyọ 60, ₦720,000.