Ojú Tí Wọ́n Fi Pamọ́: Bí Wọ́n Ṣe Jà Kí Mandela Tó Jáde Lẹ́wọ̀n

Ẹ fojú inú wo ojú Nelson Mandela dáadáa. Ní Gúúsù Áfíríkà láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, òfin ò gbà kí ìwé ìròyìn tẹ àwòrán ẹlẹ́wọ̀n jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ìjọba bá ti fòfin dè pàápàá, wọn ò gbọdọ̀ kọ ọ́. Wọ́n ti Nelson Mandela mọ́lé, wọ́n sì tún fẹ́ kí aráyé gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1962 ni wọ́n mú un. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1964, adájọ́ rán òun àti àwọn méje mìíràn lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ẹnì kan nínú wọn, Denis Goldberg, aláwọ̀ funfun ni. Pretoria ni wọ́n fi òun sí, torí nínú ẹ̀wọ̀n náà, wọn ò jẹ́ kí dúdú àti funfun gbé pọ̀. Erékùṣù Robben, nínú òkun nítòsí Cape Town, ni wọ́n kó àwọn yòókù lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó di 1980, ẹgbẹ́ ANC, ẹgbẹ́ Mandela tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, tí Oliver Tambo ń darí láti ẹ̀yìn odi, ṣe ìpinnu kan tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ariwo nípa àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọn dá lórí orúkọ kan ṣoṣo. Ìpinnu náà ò rọrùn o. Ẹgbẹ́ tó gbà pé àjọṣe ni olórí, tí kì í gbé ẹnì kan ga ju ẹnì kejì lọ, ló fẹ́ ṣe báyìí. Sisulu tí wọ́n jọ rán lọ sẹ́wọ̀n gbére ńkọ́? Kathrada ńkọ́? Àwọn náà ní ẹbí, àwọn náà ń fọ́ òkúta lábẹ́ oòrùn.

Lójú tèmi, wọ́n ṣe é re. Bí a bá ní "àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú", etí á gbọ́, ọkàn ò ní mì. Àmọ́ bí a bá pe èèyàn lórúkọ, ẹni tó gbọ́ á béèrè pé: kí ló ṣe, ìgbà wo ló máa jáde?

Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ìwé ìròyìn kan ní Johannesburg gbé e síwájú gbàgàdà: Ẹ dá Mandela sílẹ̀! Ìwé ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí àwọn èèyàn lè fọwọ́ sí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ti ní kí wọ́n dá òun àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú yòókù sílẹ̀. Mandela fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí "Free Mandela" kọ́kọ́ hàn lára ògiri ní London, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé Free ni orúkọ àbísọ òun.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Glasgow, ìlú kan ní Scotland. Ní 1986, ìlú náà yí orúkọ àdúgbò tí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Gúúsù Áfíríkà wà padà sí Nelson Mandela Place. Orúkọ tí wọn ò fẹ́ gbọ́ ti wá di àdírẹ́sì wọn.

Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kìíní ọdún 1985, Ààrẹ P.W. Botha ní òun á tú u sílẹ̀ bó bá kọ ìwà ipá sílẹ̀ láìsí àní-àní. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, Zindzi ọmọ rẹ̀ ka èsì bàbá rẹ̀ síta ní pápá ìṣeré Jabulani ní Soweto: ẹni tó wà lómìnira nìkan ló lè dúnàá dúrà, ẹlẹ́wọ̀n ò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ó ti lo ọdún méjìlélógún ó lé lẹ́wọ̀n nígbà yẹn. Ìlẹ̀kùn ṣí, ó sì kọ̀, kò jáde.

Ariwo nìkan kọ́ ló ṣí ìlẹ̀kùn náà nígbẹ̀yìn. Àwọn ará ìlú dìde, òwò ìjọba náà sì ń bàjẹ́ torí àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ̀ láti bá wọn rajà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989, Sisulu àti Kathrada jáde. Àwọn tí a ò pariwo orúkọ wọn ló ṣáájú ẹni tí a ń pariwo orúkọ rẹ̀ dé ilé.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1990, Mandela fẹsẹ̀ rìn jáde, òun àti Winnie ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ ara wọn mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wò ó ò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí mọ́. Nígbà tó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Cape Town nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó rí i pé òun ti gbàgbé awò ojú òun sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Awò Winnie ló gbà lò, ó gbé e sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.