Obìnrin tó ní kí wọ́n dín hítà kù, tí wọ́n sì dín in kù

Àwọn kan ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ wa tó ń kàwé sọ ní Tánkẹ̀, n'Ílọrin, síbí, torí jẹ́nẹ́ ilé kejì ò jẹ́ kí àwọn tó jókòó sẹ́yìn gbọ́ nǹkan kan. Mo ti tún un tò díẹ̀, àmọ́ bó ṣe ti ẹnu mi jáde náà ni.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tó ń darí ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀pọ̀ yín rò pé báńkì ni mo máa mú. Mo ní rárá, nẹ́pà ni.

Ní January 30, 2019, òtútù kan mú ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí ìka èèyàn lè gan sí tó bá jáde láìwọ ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an niná ṣẹ́ yọ ní ibùdó gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní Ray, bẹ́ẹ̀ gáàsì yẹn làwọn èèyàn fi ń mú ilé wọn móoru. Consumers Energy, ilé iṣẹ́ iná àti gáàsì kan níbẹ̀, ló ni ibùdó náà. Ọ̀gá wọn, Patti Poppe, ò rán agbẹnusọ o, òun fúnra ẹ̀ ló bọ́ sórí Facebook, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín hítà ilé yín kù sí 65 lórí Fahrenheit (ìyẹn bíi 18 lórí Celsius), ẹ bá wa mú un mọ́ra fọ́jọ́ díẹ̀. Gómìnà náà dá sí i, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ pàjáwìrì ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ará ìlú, General Motors dáṣẹ́ dúró láwọn fákítírì kan. Àwọn èèyàn sì dín in kù lóòótọ́. Nínú òtútù yẹn! Gáàsì ò tán.

Ẹ wá fojú inú wò ó, kí MD àwọn tó ń pín iná fún wa bọ́ síta lálẹ́ òní, kó ní ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ dákun ẹ pa fírísà yín kí àwọn ará Ọ̀ffà lè ríná lò. Kí lẹ máa kọ sábẹ́ ẹ̀? Ìyá kan tó ń ta omi tútù jókòó níwájú, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀, ó ní "èwo niná ọ̀hún tí n ó pa?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn. Tí ẹni tó ń ta aṣọ l'Ọjà-Ọba bá rẹ́ ẹ jẹ, o máa kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì ni, àmọ́ wáyà kan ṣoṣo ló wọlé ẹ, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ni ín. Oníbàárà tí ò lè lọ síbòmíì, kí lèèyàn fi ń mú un dání? Kí ó gbà ẹ́ gbọ́ ni. Ọjọ́ tí nǹkan bá le ló máa ń hàn bóyá ó gbà ẹ́ gbọ́ àbí kò gbà ẹ́ gbọ́.

Poppe ò ti ìdí nẹ́pà bẹ̀rẹ̀ o. Ní Purdue ló ti ka industrial engineering, digirí àkọ́kọ́ àti màsítà, ó tún lọ Stanford lọ ka ìṣàkóso. Ọdún 15 ló lò ní General Motors, nídìí mọ́tò, kó tó lọ sí DTE, ilé iṣẹ́ iná kan, lọ ṣe ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ṣe iná, lẹ́yìn náà Consumers, nígbà tó sì di July 2016 ó di CEO CMS Energy tó ni Consumers. Ohun tó kó wá láti fákítírì ni ètò kan táwọn ará Toyota gbé jáde, lean ni wọ́n ń pè é. Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á dúró yí bọ́ọ̀dù kan ká, wọn ò ní jókòó, kálukú á sọ ohun tó bàjẹ́ lánàá, èyí tó bá ju agbára wọn lọ á gòkè lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn náà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gun òpó ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́, ta ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?

January 2021 ló wá gba PG&E, ní California, èèyàn bíi mílíọ̀nù 16 ló ń jẹ iná àti gáàsì wọn. Ẹ gbọ́ irú ilé tó bá. Ní November 8, 2018, ìkọ́ irin kan lórí òpó gíga gé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ọdún tí ìkọ́ yẹn ti wà níbẹ̀, wáyà já bọ́, iná ràn mọ́ igbó, ìlú kan tó ń jẹ́ Paradise jóná, èèyàn 85 kú. Gbèsè bo ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, wọ́n sá lọ sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí gbèsè bá bò ní January 2019. Nígbà tó di June 2020 wọ́n dúró níwájú adájọ́, wọ́n ní àwọn jẹ̀bi ikú èèyàn 84 nínú 85 yẹn. Ilé iṣẹ́ nẹ́pà lẹ́ ẹ gbọ́ yẹn o, kì í ṣe adigunjalè.

Ìkọ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Nígbà tí wọ́n rà á kò tó dọ́là kan. Kò sẹ́ni tó gòkè lọ wò ó dáadáa bí irin ṣe ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀gá tó bá ra tiransifọ́mà tuntun máa rí ríbọ́n gé, fọ́tò á jáde, àmọ́ ta ló ń ya fọ́tò ìkọ́ tí wọ́n pààrọ̀?

Poppe ò tíì lo oṣù méje níbẹ̀ tí igi kan fi kan wáyà wọn, July 13, 2021, iná Dixie bẹ̀rẹ̀, ó jó ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan éékà. Iná yẹn ṣì ń jó lọ́wọ́ nígbà tó dúró ní Chico tó ní àwọn máa rì wáyà tó gùn tó 10,000 máìlì mọ́lẹ̀, bíi kìlómítà 16,000. Wọ́n tún ṣe é kí iná máa gé fúnra ẹ̀ láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tí nǹkan bá ti kan wáyà. Ilé iṣẹ́ náà ní iná igbó dín kù gan-an nípa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ará abúlé tí iná ń gé mọ́ lórí láìròtẹ́lẹ̀ bínú, oúnjẹ wọn ń bàjẹ́ nínú fíríìjì, àwọn náà ti wá mọ bó ṣe ń rí lára wa.

Ta ló wá ń san owó wáyà abẹ́ ilẹ̀? Àwọn tó ń jẹ iná ni. Máìlì kan ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ fi fọwọ́ sí 1,230 máìlì péré ní November 2023, títí di 2026. Owó tí wọ́n san fún Poppe fúnra ẹ̀ ní 2021 sì lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ṣíà. Mi ò ní tàn yín, ibẹ̀ yẹn ò dùn mọ́ mi. Mo gba tiẹ̀ lórí iṣẹ́, àmọ́ kéèyàn máa bẹ ará ìlú pé kí wọ́n fara da bíìlì, kó tún máa gba irú owó bẹ́ẹ̀, ó ń ba ẹ̀bẹ̀ yẹn jẹ́.

Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé àǹtí, àbí ìgbà tí ilé bá ti ń jó ni wọ́n máa ń pe obìnrin? Ìbéèrè dáadáa ni. Obìnrin ti jẹ ọ̀gá PG&E ṣáájú Poppe, Geisha Williams, Cuba ni wọ́n ti bí i, 2017 ló débẹ̀, January 2019 tí gbèsè dé ló sì lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, Funke Osibodu, CBN ló gbé e lọ Union Bank ní 2009 nígbà tí wọ́n lé àwọn ọ̀gá ibẹ̀ dànù, nígbà tí wọ́n ta nẹ́pà fún aládàáni ní November 2013, ó wá lọ darí iná Benin, tó kan Edo, Delta, Ondo àti Èkìtì tó bá wa pààlà, títí di 2022 tí gbèsè báńkì dá ìjà sílẹ̀ lórí ilé iṣẹ́ náà. Torí náà bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń pè wá nígbà tó bá ti bàjẹ́. Síbẹ̀ ẹ máa jẹ́ ìpè náà o.

Ọmọ kan tó ń ka electrical bi mí pé ṣé báńkì ni ká kọ́kọ́ lọ ni, bíi ti Osibodu, àbí ibi iṣẹ́, bíi ti Poppe? Mo ní ibi iṣẹ́ jàre. Jẹ́bà nìyí, ibùdó iná tó ń lo omi odò Ọya, 578 MW, kò jìnnà sí Ìlọrin rárá, kọ lẹ́tà IT ẹ lọ síbẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n ń gba obìnrin? Mo ní kọ lẹ́tà náà ná, kó sì lọ kóṣù yìí tó parí, torí àwọn ọmọ Mínà náà ti ń kọ tiwọn.