Ààjà Tó Ń Yí Lókè Òpin Ayé

Ẹ wo ife yìí dáadáa. Gàrí Ìjẹ̀bú, omi tútù, ṣúgà díẹ̀. Ẹ̀pà ò sí lónìí. Mo ń fi ṣíbí rò ó yípo: omi ń yí, gàrí ń bá a yí, kò sí èyí tó jáde. Tí mo bá wá ṣèèṣì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ife ńkọ́? Ó di orí tábìlì nìyẹn.

Ní òpin àríwá ayé, tí ìgbà òtútù bá dé, oòrùn á wọ̀, kò ní yọ mọ́ fún bí oṣù mẹ́fà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tutù rinrin, tiwa níbí ṣì gbóná. Ìyàtọ̀ yẹn, pẹ̀lú bí ayé ṣe ń yí, ló ń dá ààjà ńlá kan sílẹ̀ lókè, níbi tó ga ju ọ̀nà bàálù lọ. Eré rẹ̀ máa ń kọjá kìlómítà 200 ní wákàtí kan nígbà míì. Awakọ̀ márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní kankan ò tó bẹ́ẹ̀. Ààjà yẹn ni ife. Òtútù ni gàrí.

Ta ló ń gbá a? Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń ti ara òkè gíga bíi Himalaya gòkè ni. Tó bá fọ́ lu ààjà yẹn, eré rẹ̀ á dínkù, ó tiẹ̀ lè yí padà sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á wá rọ̀ sísàlẹ̀, á fún pọ̀, á sì gbóná. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù gbá táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ bí ìdí pọ́ǹpù ṣe máa ń gbóná. Richard Scherhag, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1952, nígbà tí bálúùnù tí wọ́n ń jù sókè ní Berlin mú ìròyìn ooru òjijì wá. Ooru yìí lè fi ìwọ̀n 50 lékè láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé: òkè gbóná, ìsàlẹ̀ ló ń dì. Ife ti dà nìyẹn: òtútù tí ààjà ká mọ́ lè tú jáde lọ bá àwọn ìlú tó jìnnà. Lóṣù kìíní 2019, lẹ́yìn irú rẹ̀, Chicago tutù dé ìwọ̀n 30 sí ìsàlẹ̀ òdo. Fírísà àwọn ẹlẹ́ja ní Òkè-Ajé ò tutù tó bẹ́ẹ̀ o!

Ẹ má sì pè é ní ọyẹ́. Sàhárà ni tiwa ti ń wá.

Ààjà òpin gúúsù ayé le ju ti àríwá lọ, nítorí òkun ló pọ̀ jù yí i ká. Oṣù kẹsàn-án 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i tó là sí méjì.

Gàrí mi ti ń wú. Ẹ jẹ́ n mu ún.