Bí a ṣe ń wá àpótí letterboxing: láti àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn abúlé dé ìdí igi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àpótí kan wà tí wọ́n fi pamọ́ nítòsí gbọ̀ngàn ìpàdé abúlé, òun la jọ fẹ́ wá lónìí. Letterboxing ni wọ́n ń pe eré yìí. Dartmoor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1854, nígbà tí James Perrott, ẹni tó máa ń mú àlejò rìn káàkiri, gbé ìgò kan sí Cranmere Pool kí àwọn tó bá débẹ̀ lè fi káàdì wọn sínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ tó wà nínú àpótí la ń wá, kì í ṣe owó.

Ẹ wo àpò mi: òǹtẹ̀ rọ́bà tèmi, páàdì yíǹkì, ìwé kékeré tí kò nílà, bírò, kọ́ńpáàsì, àkísà tó mọ́. Òǹtẹ̀ yín ni wọ́n máa fi dá yín mọ̀, torí náà ẹ fọwọ́ ara yín gbẹ́ ẹ. Rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí i, ẹ gbẹ́ ẹ sódì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ìtọ́ka wa: “Dúró níbi àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Kọjú sí 120. Ka 40 ìṣísẹ̀ dé ìdí igi tó pín sí méjì. Wo ẹ̀yìn gbòǹgbò, lábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ.” Ẹ kà á tán pátápátá kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀.

Dígírì orí kọ́ńpáàsì ni 120 yẹn: ẹ yí ojú kọ́ńpáàsì títí 120 yóò fi bọ́ sórí ìlà iwájú. Ẹ gbé e sí àyà, kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ wá máa yí ara yín, kì í ṣe kọ́ńpáàsì, títí abẹ́rẹ́ pupa yóò fi wọ inú ọfà tí wọ́n yà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ẹ kọjú sí yẹn lọ̀nà: ìlà-oòrùn ni, ó kàn yà díẹ̀ sí gúúsù. Ẹ kíyè sí irin o! Bí àtẹ̀gùn bá ní ọwọ́ irin, tàbí tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, abẹ́rẹ́ á purọ́ fún yín. Ẹ sún kúrò díẹ̀.

Ní ti ìṣísẹ̀, àwọn kan ń ka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn ń ka ọ̀tún àti òsì pọ̀ sí ẹyọ kan. Bí ẹ bá ka 40 tán tí ẹ ò rí igi kankan, ẹ tún fi ìlọ́po méjì rẹ̀ gbìyànjú lójú ọ̀nà kan náà.

Igi náà rèé. Igi gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tú ìdí gbòǹgbò, kì í ṣe ọwọ́, torí ejò. Ẹ má gbẹ́lẹ̀, ẹ má yọ òkúta ara ògiri. Kò sí àpótí tó yẹ kó ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́.

A ti rí i! Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, ká lọ jókòó síbòmíràn, kí ẹni tó ń kọjá má baà mọ ibi ìpamọ́. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ dojú òǹtẹ̀ inú àpótí sókè, kí ẹ máa fi páàdì tọ́ ọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá tẹ òǹtẹ̀ mọ́ páàdì, yíǹkì á kún ojú ibi tí wọ́n gbẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé yín tààrà, ẹ má mì í, kí ẹ sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo bí ewé yẹn ṣe jáde, tòun ti iṣan rẹ̀! Ẹnì kan ló jókòó gbẹ́ gbogbo èyí fún àjèjì. Ẹ wá tẹ òǹtẹ̀ tiyín sínú ìwé inú àpótí, kí ẹ kọ déètì sí i.

Ẹ jẹ́ kí yíǹkì gbẹ kí ẹ tó pa ìwé dé. Ẹ nu òǹtẹ̀ wọn mọ́, ẹ dá ohun gbogbo padà sínú ọ̀rá, ẹ dé àpótí pinpin, ẹ gbé òkúta lé e bó ṣe wà. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó lè wá pààrọ̀ ìwé kó tó bu.