Kì í Ṣe Adelé: Aloma Mukhtar àti Àga Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò àti àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà sọ ní Adó-Èkìtì. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí sí ìparí rẹ̀.)

Èkìtì kete, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin ọmọ tó kún ẹ̀yìn, ẹ kú ìjókòó.

Obìnrin lórí àga ìdájọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa níbí. Bí ọba bá wàjà ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń fi jẹ adelé. Yóò wọ agbádá, yóò dé fìlà ọkùnrin, àwọn ìjòyè yóò máa kí i ní Kábíyèsí. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé ààfin, òun àti àwọn ìjòyè ni yóò gbọ́ ọ. Kò ní í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi yan ọba tuntun. Lọ́jọ́ náà ni yóò bọ́ fìlà náà sílẹ̀, tí yóò tún padà ró aṣọ obìnrin. A mọ bí a ṣe ń fi obìnrin sórí àga, ṣùgbọ́n àga adelé ni. Obìnrin tí mo wá sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kò jókòó de ẹnikẹ́ni.

Aloma Mariam Mukhtar ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, ọdún 1944. Ó ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Zaria, ó lọ kọ́ òfin ní ìlú Ọba, wọ́n sì gbà á sínú ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 1967. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Kò sí obìnrin Àríwá kankan tó di lọ́yà ṣáájú rẹ̀.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn kan ti la ọ̀nà náà. Stella Thomas di agbẹjọ́rò ní 1933, ó sì di adájọ́ májísíréètì ní 1943. Modupe Omo-Eboh di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní 1969, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Nàìjíríà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀tọ̀.

Mukhtar bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Àríwá. Ó di májísíréètì ní 1971. Ní 1973 wọ́n sọ ọ́ di akọ̀wé àgbà fún ilé-ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ Kano. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń fò ó kọjá. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà ni gbogbo fáìlì ń gbà kọjá. Òun ló mọ ẹjọ́ tó ti sùn fún ọdún mẹ́fà, òun ló mọ ìwé ìpẹ̀jọ́ tí wọn kò mú dé ọ̀dọ̀ olùjẹ́jọ́, òun ló mọ òṣìṣẹ́ tí fáìlì máa ń sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ lè jókòó sókè fún ogún ọdún kó má mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìwé. Mo gbà pé ìmọ̀ tí Mukhtar kó jọ níbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ó le mọ́ àwọn adájọ́ nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀.

Ó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Kano ní 1977. Ó wọ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní 1987, ọdún méjìdínlógún ni ó sì lò níbẹ̀. Ní 2005, ó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní àkàsọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn yìí, bí ó bá wo iwájú, kò rí obìnrin.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ẹjọ́ lórí ìbò ààrẹ ọdún 2007 dé iwájú adájọ́ méje. Mẹ́rin ní kí ìbò náà dúró. Mẹ́ta ní kí wọ́n wọ́gi lé e. Mukhtar wà lára àwọn mẹ́ta náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tíì ka òfin, ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ: adájọ́ tí kò bá fara mọ́ èrò àwọn yòókù kì í dákẹ́. Yóò kọ ìdájọ́ tirẹ̀, yóò fi orúkọ rẹ̀ sí i, yóò kà á ní gbangba. Ẹnikẹ́ni kò ní í tẹ̀ lé ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n inú ìwé kan náà ni wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí pẹ̀lú èyí tó borí. Ààrẹ tó wà lórí oyè lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Mukhtar ì bá yọ nípò. Ọdún mẹ́rin kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ṣì ń ṣèjọba, nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan búra fún un gẹ́gẹ́ bí Adájọ́ Àgbà ní ọjọ́ 16, oṣù keje, ọdún 2012. Àṣà ni pé ẹni tó ti pẹ́ jù nínú àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ni àga náà ń kàn. Ó kàn án, ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Adájọ́ Àgbà náà ni alága NJC, ìgbìmọ̀ tó ń dámọ̀ràn ẹni tí yóò di adájọ́, tó sì ń bá adájọ́ tó bá ṣìwà hù wí. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ìgbìmọ̀ náà ní kí adájọ́ méjì lọ fẹ̀yìntì tipátipá. Ọ̀kan nínú wọn ni alága ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ìbò gómìnà ní Ọ̀ṣun, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ohun tí wọ́n ká mọ́ ọn lọ́wọ́ ni pé òun àti lọ́yà ọ̀kan nínú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ń pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn.

Ìgbà tirẹ̀ náà ni ìtìjú bá Adó yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn jàǹdùkú ya wọ ọgbà ilé-ẹjọ́ gíga wa, wọ́n lu adájọ́, wọ́n ya ìwé ẹjọ́, títì ni wọ́n sì ti àwọn ilé-ẹjọ́ Èkìtì pa lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tó wà níbí rí i. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo bá ń kọjá níwájú ọgbà náà.

Mo fẹ́ràn Mukhtar, ṣùgbọ́n n kò ní í fi ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó sílẹ̀ láìsọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n fẹ́ búra fún adájọ́ méjìlá sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Mọ́kànlá ló búra. Ẹnì kan ṣoṣo tí Mukhtar kò búra fún ni Ifeoma Jombo-Ofo. Ọmọ Anambra ni, Abia ló fẹ́ ọkọ sí, orúkọ Abia ni wọ́n sì fi mú un wá. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Abia, nítorí náà kò lè gba ipò tó tọ́ sí Abia. Ariwo sọ káàkiri, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà dá sí i, NJC tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì padà búra fún un. Lójú mi, ẹsẹ̀ Mukhtar yẹ̀ níbẹ̀. Ó di ohun tó wà nínú ìwé mú, bí ó ti ń ṣe nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé náà ká mọ́ kò ṣẹ̀ ju pé ó lọ sílé ọkọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Ìgbò nìkan ni. Ìjù ni wọ́n ti bí mi, Ìkẹ́rẹ́ ni mo sì ti lọ sílé ọkọ. Nígbà tí mo lọ, ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ìlú méjèèjì wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀: Ìkẹ́rẹ́ bọ́ sí Èkìtì, Ìjù ṣẹ́ kù sí Oǹdó. N kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan, mo ń dáná nínú ilé ìdáná tí mo ti ń dáná láti àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó mi, mo sì di àlejò. Bí mo bá padà sí Ìjù, ọmọ osú ni mí. Wọn yóò bi mí pé ṣé ọkọ lé mi ni. Ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń pín ipò, wọn yóò ní ìyàwó wa ni, kì í ṣe ọmọ wa. Àwọn obìnrin tó wà láàárín Omùó àti Àkókó mọ̀ ọ́n bákan náà. Ọkùnrin tó bá ṣí láti Ìjù wá sí Ìkẹ́rẹ́ lè padà lọ gba ipò nílé láìsí ẹni tó máa bi í léèrè ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti wá.

Mukhtar fẹ̀yìntì ní ọjọ́ tó pé ẹni àádọ́rin ọdún, ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, ọdún 2014. Ọkùnrin mẹ́rin ló jókòó tẹ̀ léra wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2013, nígbà tó ṣì wà lórí àga, obìnrin kan láti Èkó, Kudirat Kekere-Ekun, ti wọ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àkàsọ̀ kan náà lòun náà gùn: májísíréètì ní 1989, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ní 1996, kòtẹ́milọ́rùn ní 2004. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí Adájọ́ Àgbà.

Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ dìde. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá fẹ́ ará Ìjù, ìpínlẹ̀ wo ni màá ti di adájọ́?”

Mo ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó fẹ́ ẹnikẹ́ni, kó fi pamọ́ síbi tí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà, kó sì máa mú un dání níbikíbi tó bá ti ń wá iṣẹ́ adájọ́. Mo sọ fún un pé Jombo-Ofo padà jókòó sórí àga náà. Ó ní kí n tún orúkọ náà pè. Mo tún un pè, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀.