Ẹsẹ̀ Mathilde: fíìmù ìfẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, torí fíìmù tòní kì í ṣe èyí téèyàn ń wò tó tún ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Un long dimanche de fiançailles lorúkọ ẹ̀, A Very Long Engagement ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó. Jean-Pierre Jeunet ló ṣe é, 2004 ló jáde, inú ìwé tí Sébastien Japrisot kọ lọ́dún 1991 ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Japrisot fúnra ẹ̀ ò rí i wò o, 2003 ló ti kú.

Ó dáa. Oṣù kìíní ọdún 1917 ni, ogun àgbáyé kìíní ń jà lọ́wọ́ lápá Somme nílẹ̀ Faransé, wọ́n wá ń wọ́ ṣójà Faransé márùn-ún gba inú yàrà lọ, wọ́n ti dè wọ́n lọ́wọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ní ṣe ni wọ́n dọ́gbọ́n ṣe ara wọn léṣe kí wọ́n lè dá wọn padà sílé. Manech ló kéré jù nínú wọn. Ẹ wo nǹkan tọ́mọ yìí ṣe: ó tan sìgá, ó wá na ọwọ́ tó fi mú un yọ sókè létí yàrà, ó dúró, ó ń retí kí ará Jámánì tó wà lódìkejì rí iná pín-ín yẹn kó yìnbọn sí i. Ọta sì bà á lọ́wọ́ lóòótọ́.

Wọn ò tiẹ̀ yìnbọn pa wọ́n. Ilẹ̀ àárín yẹn, láàrin yàrà Faransé àti ti Jámánì, níbi tó jẹ́ ẹrẹ̀ àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n tì wọ́n sí, kí Jámánì bá wọn parí ẹ̀. Ẹ má rò pé ìwà ìkà inú ìwé lásán nìyẹn o, ṣójà Faransé tí Faransé fúnra ẹ̀ yìnbọn pa nínú ogun yẹn tó bí 600. Àwọn ará Kétu tó wà ní Benin báyìí náà ò ṣàjèjì sí ogun yẹn, torí nígbà tí Faransé ń fi tipátipá kó ọmọkùnrin wọn ṣe ṣójà, ọ̀pọ̀ ló kẹ́rù tó sọdá sápá Nàìjíríà.

Ní Bretagne lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Faransé kan náà, àfẹ́sọ́nà Manech ń dúró. Mathilde lorúkọ ẹ̀, òṣèré Audrey Tautou ló ṣe é. Ogun parí, gbogbo ayé ní Manech ti kú, ọmọbìnrin yìí lóun ò gbọ́. Kò jókòó sunkún ṣá o! Ó wá lọ́yà, ó wá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó ń kọ lẹ́tà, ó ń béèrè lọ́wọ́ opó tibí àti ìyàwó tọ̀hún, bàtà ta ni ta ni wọ̀, ìbọ̀wọ́ pupa yẹn ńkọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn.

Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Nínú ìwé, kẹ̀kẹ́ arọ ni Mathilde wà, kò lè rìn. Jeunet wá gbé e dìde, ó ní pólíò ló bá a jà, ló bá ń tiro. Mo kọ́kọ́ rò pé ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ rọrùn fóṣèré ni. Rárá. Ọmọ yìí máa ń bá kádàrá ta tẹ́tẹ́: tájá bá wọ yàrá kí wọ́n tó pè mí wá jẹun, Manech wà láàyè, tí mo bá kà dé méje kí rélùwéè tó wọ inú ihò, Manech wà láàyè. Lọ́jọ́ tí mọ́tò wá gbé Manech lọ sógun, ó ní tóun bá dé kọ́nà iwájú yẹn ṣáájú mọ́tò, á padà wá láàyè. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀, tòun ti ẹsẹ̀ yẹn, ó ń tiro, ó ń já gba inú koríko, ẹ̀mí fẹ́ẹ̀ bọ́. Báwo lẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ṣe máa sá irú eré yẹn? Mi ò ní sọ bóyá ó débẹ̀.

Ẹ̀rín sì wà níbẹ̀ o, pósímáànù kan wà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra dúró, gbogbo ìgbà ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ tú òkúta wẹ́wẹ́ iwájú ilé ká. Marion Cotillard náà wà níbẹ̀, ó ń bá olólùfẹ́ tiẹ̀ gbẹ̀san ní tiẹ̀, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn César, ìyẹn ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Faransé. Ẹjọ́ kan tiẹ̀ wà lọ́dún 2004 yẹn, kóòtù Paris ní kí wọ́n má fún fíìmù yìí lówó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún fíìmù Faransé, torí Warner Bros. ti Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Fíìmù tí wọ́n ń sọ Faransé nínú ẹ̀ látòkè délẹ̀!

Ẹ wá jẹ́ n padà sẹ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ohun tí Manech bi Mathilde nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ni pé: “Ṣé ó máa ń dùn ẹ́ tó o bá ń rìn?” Ẹ fi ìbéèrè yẹn pamọ́ sápò. Tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ ọ, ẹ wo ojú Mathilde.