Bí A Ṣe Ń Tún Sítáńdì Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì Tó Tẹ̀ Ṣe Lára Honda C70 Àtijọ́

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ káàbọ̀. Alùpùpù tí ẹ ń wò níwájú mi yìí ni Honda C70, ọ̀kan nínú ìdílé Super Cub tí ilé-iṣẹ́ Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Japan ní ọdún 1958, tí iye tí wọ́n ti ṣe jáde sì pé mílíọ̀nù 100 ní ọdún 2017. Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ló gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó jẹ́ sísì (cc) 72 ṣì ń ṣiṣẹ́, a kò sì ní fọwọ́ kàn án lónìí. Sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ìṣòro wa. Ẹ wo bí alùpùpù náà ṣe fì sí apá òsì, bẹ́ẹ̀ ni orí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ni a gbé e sí.

Ẹ má tíì mú òòlù. Kì í ṣe gbogbo alùpùpù tó bá fì lórí sítáńdì ni ẹsẹ̀ sítáńdì rẹ̀ tẹ̀. Ó lè jẹ́ pé páìpù tí sítáńdì ń yí lé lórí ni ó ti jẹ lápá kan, ó sì lè jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ kan ti ha ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kúrú ju èkejì lọ. Kí ẹnì kan bá yín di alùpùpù mú, kí ẹ̀yin di ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sítáńdì mú, kí ẹ sì mì ín sọ́tùn-ún àti sósì. Bí orí rẹ̀ bá ń mì jẹgẹjẹgẹ nínú ihò, òkè ni àìsàn náà wà, ẹni tó bá sì tọ́ ẹsẹ̀ nìkan yóò tún padà wá bá alùpùpù tó fì.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí tí kì í tẹ́ mi lọ́rùn rárá, ìyẹn ni irin tí àwọn wẹ́dà máa ń jó mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sítáńdì nígbà tí táyà méjèèjì bá ti ń kan ilẹ̀. Ní òkè sítáńdì, irin kékeré kan wà tó ń dá a dúró kí ó má baà yí kọjá ààyè rẹ̀. Bí irin ìdádúró yìí bá ti jẹ, ẹsẹ̀ sítáńdì yóò na síwájú ju bó ṣe yẹ lọ, alùpùpù yóò sì rì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà kò kúrú rárá. Ẹni tó bá fi irin kún ẹsẹ̀ ní irú ipò yìí ti mú kí alùpùpù nira láti gbé sókè, ó sì ti fi kún agbára tí yóò máa fa irin ìdádúró tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkè ni kí a ti fi irin kún ibi tó jẹ, kí a fi fáìlì dán an, kí a sì máa dán an wò díẹ̀díẹ̀ títí táyà kan yóò fi gbéra kúrò nílẹ̀.

Ní ti ohun tó ń tẹ sítáńdì, ọwọ́ àwa tí a ń gùn ún ni ó ti máa ń wá jù. Alùpùpù yìí fúnra rẹ̀ kò wúwo tó kìlógíráàmù 100, òun nìkan ni wọ́n sì ṣe sítáńdì náà láti gbé. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó sórí rẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì wà lẹ́yìn, tí ó tún ń fi gbogbo ara ta á kí ó lè ṣiṣẹ́, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ẹsẹ̀ kan bá yà sí ẹ̀gbẹ́.

Iṣẹ́ yá wàyí. Gbogbo sítáńdì gbọ́dọ̀ kúrò lára alùpùpù kí iná tó dé ibẹ̀, nítorí pé abẹ́ ìjókòó ni táǹkì epo C70 wà, kò sì jìnnà sí ibi tí a fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ fa epo jáde, kí ẹ fi okùn so alùpùpù mọ́ òpó tó lágbára, kí ẹ sì fi pákó tì í lábẹ́. Sípíríńgì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, nígbà tí sítáńdì bá wà ní kíká sókè, kí ẹ sì wọ awò tó ń dáàbò bo ojú, nítorí pé sípíríńgì tó bá já mọ́ni lọ́wọ́ kì í bi ibi tí òun ń lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ píìnì àti wáṣà, kí ẹ sì fa páìpù náà jáde. Páìpù kan náà yìí ni irin tí a fi ń tẹ búrèkì ẹ̀yìn jókòó lé, nítorí náà, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó tú u, kí títò rẹ̀ padà má baà di àròyé.

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ẹrẹ̀ àti ìpẹtà kúrò, nítorí pé abẹ́ ẹrẹ̀ ni ibi tó sán máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ wá fi ọ̀pá irin tó tọ́ kan bọ ihò méjèèjì tó wà lókè, kí ẹ sì fi tépù wọn ọ́n láti ara ọ̀pá yìí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá yàtọ̀, ẹsẹ̀ kan ti tẹ̀, tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Bí ìwọ̀n bá dọ́gba, ṣùgbọ́n tí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kò jọ kan tábìlì nígbà tí a bá tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, sítáńdì náà ti lọ́. Èyí tó lọ́ ṣòro ju èyí tó tẹ̀ lọ, nítorí pé irin ìdábùú tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ti lọ́ pẹ̀lú wọn, àfàìmọ̀ kí ojú ìjópọ̀ rẹ̀ má ti sán.

Ẹ fi fáìsì di sítáńdì náà mú ṣinṣin. Ẹ fi iná gáàsì gbóná ibi tí ó ti tẹ̀ gan-an, yí ká, títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá pọ́n débi pé ó ń funfun, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹ kó páìpù gígùn kan bọ ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì fà á padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ máa dúró wọ̀n ọ́n, nítorí pé fífà díẹ̀díẹ̀ sàn ju kí a fà á kọjá, kí a tún máa dá a padà. Irin tí a ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ lójú kan yóò sán, pàápàá bí ó bá tutù. Bí ó bá sì ti tọ́ tán, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tù ú fúnra rẹ̀. Omi tí àwọn kan máa ń dà sí i kí iṣẹ́ lè yá lè fa irin náà lọ́ padà.

Bí ojú kan bá sán, ẹ má kàn jó irin lé e lórí. Ẹ fi dírílì lu ihò kékeré sí ibi tí sísán náà parí sí, kí ó má baà máa lọ síwájú, kí ẹ sì gbẹ́ ojú rẹ̀ kí iná lè wọlé kí wẹ́dà tó jó o pọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti jẹ nìkan ni kí ẹ jó irin mọ́, kìkì títí yóò fi bá ìkejì dọ́gba. Páìpù tó bá ti jẹ, ẹ ra tuntun. Bí ó bá jẹ́ ihò sítáńdì ló ti fẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lathe gbẹ́ irin lè ṣe bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn òrùka irin tí a ń kì bọ ihò kí ó lè fún padà, sí i.

Ẹ kùn ún ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n kí ọ̀dà má wọ inú ihò. Gíríìsì ni kí ẹ fi sínú ibẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ẹ bá tò ó padà, ẹ lo píìnì tuntun, nítorí píìnì àtijọ́ tí a tún tẹ̀ lè kán lójú ọ̀nà. Ẹ fi ọwọ́ tẹ irin búrèkì, kí ẹ rí i pé ó ń padà fúnra rẹ̀ láìdúró lọ́nà. Bí sípíríńgì bá ti dẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé sítáńdì tó bá já wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn ń yà ní kọ́nà lè gbé e ṣubú. Ní ìkẹyìn, ẹ gbé alùpùpù lé sítáńdì, kí ẹ sì fi ọwọ́ tì í fẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún wo píìnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.